Àtẹ́wọ́ Kì Í Gbé Bàálù Fò

Ìwé ìrántí ọdọọdún wa yìí, ibi tí a ti ń kí ara wa ni, n kò sì fẹ́ da iyọ̀ sí oyin. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ló sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọmọ kan wà lẹ́yìn ẹgbẹ́ wa báyìí tí orí rẹ̀ ti ń wọ́, àwa sì ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó pọ̀n ọ́n.

Gbogbo ẹni tó wá sí ayẹyẹ ọdún tó kọjá ló rí ọmọ náà. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógún ni, mẹkáníìkì ọ̀kadà, tí ìyá rẹ̀ ń ta ẹ̀wà nítòsí Panteka. N kò ní dárúkọ rẹ̀ síhìn-ín, nítorí orúkọ rẹ̀ ti pọ̀ lẹ́nu èèyàn jù báyìí. Ó gbé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ìjàpá wá, ó dè é mọ́ orí irin, ó fi abẹ̀bẹ̀ tó gbẹ́ fúnra rẹ̀ sí i níwájú, ó sì yí i sílẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú gbáko ni ẹ́ńjìnnì náà fi dún. Eruku bo àwọn àlejò, fìlà alága ọjọ́ náà ṣí lọ, gbogbo wa pariwo ayọ̀. A fún un ní àwo ẹ̀yẹ. Alága ọjọ́ náà ṣèlérí owó kan, tí owó ọ̀hún ṣì wà lọ́nà títí di òní.

Ní ìpàdé wa tó kẹ́yìn ni ìgbìmọ̀ ayẹyẹ wá dá a lábàá pé kí ọmọ yìí gbé ẹ́ńjìnnì náà sínú bàálù tó ń kàn lọ́wọ́, kó sì fò ó lójú gbogbo èrò ní ọdún tó ń bọ̀, kí tẹlifíṣọ̀n lè gbé e káyé. Wọ́n dìbò. Èmi nìkan ni mo ní rárá. Ẹnì kan ní ìlara ló ń dà mí láàmú. Òmíràn ní bí arúgbó bá ń bẹ̀rù òkè, kó fìdí mọ́lẹ̀. Mo fìdí mọ́lẹ̀ lóòótọ́. Ohun tí wọn kò jẹ́ kí n fẹnu sọ ni mo wá fọwọ́ kọ yìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá àwọn tó ń fi ọmọ náà ṣe yẹ̀yẹ́ jà, nítorí inú wa náà ni wọ́n wà. Wọ́n ní, "Kí ni ọ̀kadà ń wá lójú ọ̀run?" Wọ́n ti gbàgbé pé ojú ọ̀run ni orúkọ ọ̀kadà ti sọ̀ kalẹ̀. Okada Air ni ilé-iṣẹ́ bàálù tí Olóyè Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ lọ́dún 1983, tó sì fi orúkọ ìlú rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn èèyàn wa ló fi ẹ̀fẹ̀ gbé orúkọ náà fún alùpùpù tó ń sáré gba àárín mọ́tò kọjá. Bí orúkọ bàálù bá lè bọ́ sórí alùpùpù, kí ló dé tí ẹ̀yà ara alùpùpù kò fi lè bọ́ sínú bàálù?

Ó ti bọ́ síbẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Alùpùpù ni Glenn Curtiss, ará Amẹ́ríkà, kọ́kọ́ ń ṣe tà, kó tó di pé ó ń ṣe bàálù. Lọ́dún 1907 ó gun alùpùpù onísílíńdà mẹ́jọ kan tí ìyára rẹ̀ wọ máìlì 136 ní wákàtí kan. Ẹ́ńjìnnì tí Louis Blériot fi fò kọjá òkun láti ilẹ̀ Faransé sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ 25 oṣù keje ọdún 1909, ẹ́ńjìnnì Anzani onísílíńdà mẹ́ta ni, ìdí ẹ́ńjìnnì alùpùpù sì ni Anzani ti gbórúkọ. Lóde òní, ilé-iṣẹ́ Rotax ní ilẹ̀ Austria, tó ti ṣe ẹ́ńjìnnì alùpùpù fún BMW, òun kan náà ló ń ṣe Rotax 912 tó wà nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún bàálù kékeré kárí ayé. Ẹni tó bá tú ẹ̀yìn rẹ̀ yóò rí ohun tí ojú ọmọ Panteka mọ̀ dáadáa: òòfà tó ń yí po kọ́ìlì wáyà bàbà, bó ṣe wà nínú alùpùpù gẹ́lẹ́.

Ní Kaduna wa níbí ńkọ́? Bàálù Air Beetle tí wọ́n tò fún àwọn ológun òfurufú níbí, orí àwòrán RV-6A ni wọ́n gbé e kà. RV-6A yìí, bàálù tí ará Amẹ́ríkà máa ń fọwọ́ ara rẹ̀ tò lẹ́yìnkùlé ilé ni. Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹ́yà, ẹ panu mọ́. Kò sí èèwọ̀ nínú ohun tí ọmọ yìí ń ṣe.

Mo wá kọjú sí ẹ̀yin alátẹ́wọ́. Ẹ̀yin lọ̀rọ̀ kàn jù, nítorí ẹlẹ́yà kì í pààyàn, ṣùgbọ́n ìpọ́nni lè pa ẹni tí a ń pọ́n.

Kí ni ọmọ náà ṣe gan-an? Ó yọ abẹ̀bẹ̀ atẹ́gùn ìjàpá àti dínámò rẹ̀ kúrò nítorí ìwúwo. Ó ṣe dáadáa, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń sọ ẹ́ńjìnnì ìjàpá di ti bàálù ní òkè òkun máa ń ṣe. Ó wá mú alternator lára alùpùpù ńlá kan tí wọ́n ti tú tà, ìyẹn igbá òòfà rẹ̀, kọ́ìlì rẹ̀ oníwáyà mẹ́ta, àti regulator rẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ gbẹ́ ìdí irin kan fún òun, ó fi de igbá òòfà náà mọ́ ẹ̀yìn kiránkì. Ó mú CDI alùpùpù náà pẹ̀lú, òun ló sì fi ń tan iná sí púlọ́ọ̀gì. Iṣẹ́ ọpọlọ ni. Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún nídìí rìwáyà, n kò sì ní purọ́ fún yín, n kì í ṣe irú rẹ̀ nígbà tí mo wà ní ọjọ́ orí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Kiránkì alùpùpù lè yí ní ìgbà 7,000 tàbí 8,000 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ́ńjìnnì ìjàpá tó ń yí abẹ̀bẹ̀ bàálù kò gbọ́dọ̀ sáré bẹ́ẹ̀. Bí 3,000 tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ààyè rẹ̀, nítorí bí abẹ̀bẹ̀ bá yára jù, ẹnu rẹ̀ á máa sún mọ́ ìyára ohùn, ariwo ni yóò máa pa, kò ní fa bàálù mọ́. Iná tí òòfà ń mú jáde nínú kọ́ìlì sì ń tẹ̀lé ìyára ni. Bí ìyára bá já sí ìdajì, volt náà yóò já sí ìdajì. Ká ní kọ́ìlì kan ń yọ 30 volt nígbà tí òòfà ń yí ní 5,000, 15 péré ni yóò yọ ní 2,500, kí a tó gbé ẹrù kankan lé e. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ lára alùpùpù lè di ọ̀lẹ lára bàálù, bẹ́ẹ̀ ohun kan náà ni.

Ẹnikẹ́ni nínú yín wọn èyí lọ́jọ́ ayẹyẹ? Rárá. Ogún ìṣẹ́jú tí ẹ́ńjìnnì fi dún lẹ kà sí ẹ̀rí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ni mo mú mítà mi lọ bá ọmọ náà. A yí ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ ní nǹkan bí 2,600. Bátìrì tó ń gba iná dáadáa yẹ kó wà ní ìwọ̀n 14 volt. Mítà mi ka 12.3. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ka 12.1. Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ọ̀rọ̀ náà yé yín? Alternator tí a fún ní àwo ẹ̀yẹ kò ṣiṣẹ́ kankan lọ́jọ́ náà. Bátìrì ló ṣiṣẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú, òun la bá fún ní àwo.

Inú ọmọ náà kò dùn. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká tú u." A tú u. A rí i pé kọ́ìlì mẹ́ta inú rẹ̀, ìrù ọ̀kan ni wọ́n so mọ́ orí èkejì títí wọ́n fi yí ká bí ọmọdé tó ń ṣeré òṣùpá. A tú ìsopọ̀ náà, a kó ìrù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sójú kan, a fi orí mẹ́ta sílẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá mọ iṣẹ́ rìwáyà mọ̀ pé volt yóò tipa bẹ́ẹ̀ ga tó ìlọ́po 1.7, ámpì yóò sì dín kù ní ìwọ̀n kan náà. Ohun tí a fi ọwọ́ ọ̀tún gbà, ọwọ́ òsì la fi san án. Mítà wá ka 13.6. Ṣùgbọ́n nígbà tí a tan gílóòbù iná iwájú mọ́tò méjì tì í, ó wá sílẹ̀ sí 12.6. Iṣẹ́ ṣì kù. Bóyá a óò fi wáyà míì wé e ni, bóyá igbá òòfà tó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ la óò wá. Ọmọ náà mọ̀ pé iṣẹ́ kù. Ẹ̀yin tí ẹ ń mú déètì fún un ni ẹ kò mọ̀.

Ohun kejì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. CDI tó lò, bátìrì ló ń bọ́ ọ. Bí alternator bá kú lójú ọ̀run, bátìrì yóò máa gbé CDI lọ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ́ńjìnnì yóò kú. Bí ọ̀kadà bá kú lójú títì, a óò tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Níbo ni ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà wà lójú ọ̀run? Ìdí rẹ̀ nìyí tí ẹ́ńjìnnì Lycoming tó wà nínú Air Beetle fi ní màgínẹ́tò méjì, tí sílíńdà kọ̀ọ̀kan sì ní púlọ́ọ̀gì méjì. Bí bátìrì bá fẹ́, kó kú, ẹ́ńjìnnì kò ní mọ̀. Rotax 912 oníkábúrétọ̀ tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan náà, kọ́ìlì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú bátìrì ló ń tan iná fún un. Àwọn tó mú ọgbọ́n alùpùpù gòkè kò gbé ẹ̀mí èèyàn kọ́ orí wáyà kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ CDI tí kì í gbára lé bátìrì, tí kọ́ìlì tirẹ̀ ń bọ́, wà lára ọ̀pọ̀ ọ̀kadà àtijọ́. Kò wọ́n. Ohun tó wọ́n ni àkókò láti jókòó tò ó, àkókò yìí gan-an lẹ sì ń gbà lọ́wọ́ ọmọ náà.

Ohun kẹta ni ìdí irin tí wọ́n gbẹ́ fún igbá òòfà. Mo gbà pé òòfà inú igbá kì í tètè fò jáde, nítorí bó ṣe ń yí, ara igbá ló ń tẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìdí tó gbé igbá dúró. Abẹ̀bẹ̀ ńlá wà níwájú kiránkì, igbá irin wà lẹ́yìn rẹ̀, sílíńdà mẹ́rin ń gbá a láàárín. Ìgbọ̀nrìrì rẹ̀ kì í ṣe ti alùpùpù mọ́. Irin tí wọn kò gbẹ́ ṣe déédéé yóò la lọ́jọ́ kan, ogún ìṣẹ́jú kò sì lè sọ ọjọ́ náà fún wa. Ìlú wa yìí tún ga ju ojú òkun lọ ní mítà tó lé ní 600. Nínú ooru oṣù kẹta, afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́, agbára ẹ́ńjìnnì dín kù, regulator sì ń gbóná bí ìkòkò àkàrà. Ìgbà wo la dán an wò nínú irú ooru bẹ́ẹ̀? Àárọ̀ ọyẹ́ la ṣe ayẹyẹ.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò ní, "Bàbá Oníwáyà, kí ló kàn ẹ́?" Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó kàn mí. Lọ́dún 1994, oníṣòwò obì kan, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, gbé alùpùpù rẹ̀ wá sí ìsọ̀ mi. Mo fi wáyà tuntun wé kọ́ìlì rẹ̀, mo fi mítà sí i, volt rẹ̀ ga dáadáa. N kò gbé ẹrù lé e. N kò tan iná kankan tì í wò. Ọjọ́ ọjà ni, èrò pọ̀ lọ́dọ̀ mi, wọ́n sì ń yìn mí pé ọwọ́ mi yá. Mo ní kó máa lọ. Alẹ́ ọjọ́ náà ni iná rẹ̀ kú lójú ọ̀nà Zaria, tírélà sì ń bọ̀. Ó yè, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kan ló bá wálé. Títí ó fi kú, kò bá mi jà rí. Obì ló máa ń fi ránṣẹ́ sí mi lọ́dún Iléyá. Mítà mi kò purọ́ lọ́jọ́ náà. Èmi ni n kò bi í ní ìbéèrè tó yẹ. Ẹni tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí kò lè dìbò pé kí ọmọ olómìnira fi ẹ̀mí rẹ̀ ṣe eré ìdárayá fún àlejò.

Àwọn alátakò mi ní ìdáhùn kan tí wọ́n fẹ́ràn: wọ́n ní àwọn Wright kò lọ sí yunifásítì, síbẹ̀ wọ́n fò. Òótọ́ ni. Ilé-iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ní nílùú Dayton, mẹkáníìkì wọn Charlie Taylor ló sì bá wọn fọwọ́ ṣe ẹ́ńjìnnì alágbára ẹṣin 12. Ṣùgbọ́n ẹ ka ìtàn náà tán. Lọ́dún 1901, kí wọ́n tó ṣe ẹ́ńjìnnì bàálù kankan, wọ́n kan àpótí atẹ́gùn, wọ́n sì dán àwòṣe ìyẹ́ tó tó bí igba wò nínú rẹ̀, wọ́n ń wọ̀n, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n fò ní ọjọ́ 17 oṣù kejìlá ọdún 1903, ìṣẹ́jú-àáyá 12 péré ni àkọ́kọ́ gbà. Èèyàn díẹ̀ ló wà níbẹ̀. Kò sí alága ọjọ́, kò sí aṣọ ẹgbẹ́. Curtiss tí mo dárúkọ lókè fò lójú èrò ní ọjọ́ 4 oṣù keje ọdún 1908, ó sì gba ife ẹ̀yẹ, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ló ti ń gbé bàálù náà sókè. Kò sí èyí tó fi ojú èrò ṣe ibi àyẹ̀wò nínú wọn.

Ẹ rántí ọmọ Kano nì, Mubarak Muhammad Abdullahi, tó wà ní yunifásítì Bayero, tí ìròyìn gbé káyé lọ́dún 2007 pé ó fi ẹ́ńjìnnì Honda Civic àti àlòkù ẹ̀yà ara mọ́tò àti alùpùpù ṣe hẹlikópítà. Ìròyìn ní kò ga ju ẹsẹ̀ bàtà méje lọ. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́ fún un. Ta ló wá béèrè ibi tí ọmọ náà lè de ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí kó lè wọ̀n ọ́n? Àtẹ́wọ́ la mọ̀ ọ́n pa ní orílẹ̀-èdè yìí.

Nítorí náà, ohun tí mo ń fẹ́ kí ẹgbẹ́ ṣe nìyí, kí wọ́n má bàa ní mo kàn ń ṣàtakò lásán.

Èkíní, ẹ fagi lé ìpinnu náà. Kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé pé kò sí ọjọ́ fífò kankan nínú ètò ayẹyẹ wa.

Èkejì, ẹ mú ìdajì owó tí a fi ń gba olórin àti ìbòrí lọ́dọọdún, kí a fi ṣe ibi àyẹ̀wò fún ọmọ náà: irin tó le, tí a rì mọ́ kọnkéré, mítà, ohun tí ń ka ìyára, ohun tí ń wọn ooru, àti àgbá ìpaná. Kí ẹ́ńjìnnì náà dún fún wákàtí 50 níbẹ̀, nínú ọyẹ́ àti nínú ooru, pẹ̀lú ẹrù iná lórí rẹ̀, kí wọ́n máa kọ ohun gbogbo sílẹ̀ nínú ìwé. Ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dán ẹ́ńjìnnì wò nílẹ̀ pàápàá, wákàtí 40 ni ọ̀pọ̀ ẹni tó fi ẹ́ńjìnnì aláìníwèé-ẹ̀rí ṣe bàálù fúnra rẹ̀ máa ń fò ní ibi tí èrò kò sí, kó tó gbé ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀kẹta, kí ẹgbẹ́ lọ bẹ àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ bàálù tó wà ní Zaria láti ọdún 1964 kò jìnnà sí wa. Ẹ jẹ́ kí ẹnjiníà tó ní ìwé-ẹ̀rí wá wo ìdí irin náà. Àjọ NCAA ló ní àṣẹ lórí ohunkóhun tó bá fẹ́ kúrò nílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ̀wé sí wọn nísinsìnyí, kí a má dúró dìgbà tí wọ́n bá wá fi ọlọ́pàá kó ọmọ wa.

Ẹ̀kẹrin, kò gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀ àfi bí ìtanná rẹ̀ bá di ọ̀nà méjì, tí ọ̀kan kò gbára lé èkejì, tí méjèèjì kò sì gbára lé bátìrì.

Wọ́n yóò ní owó náà pọ̀. Ẹ ṣírò owó ìsìnkú wò. Wọ́n yóò ní orúkọ ẹgbẹ́ kò ní jáde lórí tẹlifíṣọ̀n. Bí bàálù náà bá já lulẹ̀ láàárín èrò, orúkọ ẹgbẹ́ yóò jáde, yóò sì jáde dáadáa.

Ìwọ ọmọ mi, tí o bá ka èyí, má ṣe rò pé Bàbá Oníwáyà yóò ba tìẹ jẹ́. Lọ́jọ́ tí mítà ka 12.1, o ní ká tú u. Ọ̀rọ̀ yẹn tóbi lójú mi ju ogún ìṣẹ́jú ariwo lọ. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Gbé ìwé tí o ń kọ ìwọ̀n sí wá ní ọjọ́ Sátidé, mo ti rí wáyà bàbà tó nípọn díẹ̀, a óò wé e láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá wá bi ọ́ ní ọjọ́ tí o máa fò, sọ fún un pé ìwé rẹ ló máa dáhùn.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a fi ayẹyẹ ṣọ̀fọ̀. Kí ó jẹ́ kí a tún pàdé ní ọdún tó ń bọ̀, kí gbogbo wa pé, kí ìyá alẹ́wà náà sì jókòó láàárín wa pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Àṣẹ.